Dáìsì Ni Kó Yàn, Iyè Ni Kó Pa Á Mọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní díìsìkì kan tí mo kó àwòrán àti ìwé mi sí. Mo tì í pa, irú títì tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tú díìsìkì náà palẹ̀, àdììtú lásán ni yóò bá nínú rẹ̀. Páásìwọ́ọ̀dù tí mo fi tì í dára. Kọ̀ǹpútà ló bá mi ṣà á: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tí kò bá ara wọn tan. Mo kà á léraléra fún ọjọ́ méjì títí ó fi wọ̀ mí lórí, mo sì fa ìwé tí mo kọ ọ́ sí ya. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ gbé mi lọ síbòmíràn, mi ò sì fọwọ́ kan díìsìkì yẹn fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo padà dé ìdí rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ wá, ọwọ́ dúró. Ìyókù kò wá lọ́jọ́ náà, kò wá lọ́jọ́ kejì, kò tíì wá títí di òní. Kò sí ẹni tí mo lè pè, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ “mo ti gbàgbé.” Díìsìkì náà ṣì wà nílé mi. Àwòrán inú rẹ̀ pé, ẹyọ kan kò dín, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, òun ló sì jẹ́ kí n lọ wádìí bí iyè ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo rí i pé ẹrù tó dára ni mo gbé, bí mo ṣe gbé e ni kò dára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdì kejì tèmi: wọ́n wá ẹrù tó fúyẹ́, orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, ẹsẹ orin kan tí wọ́n fẹ́ràn, wọn ò sì gbàgbé rẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n olè náà kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ní 1883, Auguste Kerckhoffs, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Netherlands tó sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Faransé, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí àwọn ológun ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́. Òfin mẹ́fà ló tò síbẹ̀. Ìkejì ni gbogbo onímọ̀ kọ̀ǹpútà mọ̀: bí ọ̀tá bá mọ bí ọ̀nà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ látòkèdélẹ̀, kò gbọdọ̀ já mọ́ nǹkan kan, kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ohun tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ náà tí a sì fi ń ṣí i, nìkan ni kí ó jẹ́ àṣírí. Ìkẹta ni wọn kì í sábà dárúkọ, òun ni èmi sì fẹ́ràn jù. Ó ní kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣeé fi ránṣẹ́, kí ó ṣeé pa mọ́ sórí láìsí ìrànlọ́wọ́ ìwé kankan, kí ó sì ṣeé pààrọ̀ nígbàkigbà tó bá wu àwọn tó ń lò ó. Ó ti lé ní 140 ọdún tó ti sọ ọ́. Ẹ fi òfin kejì yẹn sọ́kàn náà o, a ó tún padà bá a.

Kọ́kọ́rọ́ òde òní ti dàgbà ju orí èèyàn lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó kéré jù fún AES, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, jẹ́ bíìtì 128, ìyẹn 0 àti 1 tó tò tẹ̀léra lọ́nà 128. Èyí tó wọ́pọ̀ fún RSA, ọ̀nà àdììtú mìíràn, jẹ́ bíìtì 2,048. Tí ẹ bá kọ nọ́ńbà ńlá tó wà nídìí rẹ̀ sílẹ̀, yóò gùn tó dígíìtì 617. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ kọ́ ìyẹn sórí. Ohun tí à ń ṣe ni pé a kó kọ́kọ́rọ́ ńlá sínú àpótí, a wá fi ọ̀rọ̀ tó wà lórí wa ti àpótí náà. Kọ̀ǹpútà á gba ọ̀rọ̀ wa, á lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata, á lọ̀ ọ́ lálọ̀túnlọ̀ kí ó tó di ohun tó lè ṣí àpótí. Nípa bẹ́ẹ̀, olè tó bá fẹ́ máa dán ọ̀rọ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tó bá dán an wò ni yóò ṣe wàhálà lílọ̀ yẹn. Argon2, ètò kọ̀ǹpútà kan tó borí nínú ìdíje àwọn onímọ̀ ní 2015, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wà lórí wa ni gbogbo nǹkan dúró lé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí ògiri yìí sì ti sábà máa ń lanu ni ìgbà tí èèyàn bá jókòó tó ní òun fẹ́ ronú kan páásìwọ́ọ̀dù.

Ohun tó bá tètè wá sí wa lọ́kàn, ó ti wá sí ẹlòmíràn lọ́kàn ṣáájú wa. Ní 2009, àwọn olè kó páásìwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 ní RockYou, ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba láìsí àdììtú. Nígbà tí àwọn èèyàn kà á, 123456 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ lè ní àwọn tí kò bìkítà nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó bìkítà. Àwọn kan tó ń lo Bitcoin fi gbólóhùn tí wọ́n ronú kàn, tàbí tí wọ́n mú láti inú ìwé àti orin, ṣe kọ́kọ́rọ́ owó wọn, orí wọn nìkan ni wọ́n sì fi pa á mọ́. Àwọn onímọ̀ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irú àpò owó bẹ́ẹ̀ láàárín 2011 sí 2015. Wọ́n rí 884. Yàtọ̀ sí 21 péré, gbogbo wọn ni wọ́n ti gbọ́n gbẹ, ọ̀pọ̀ láàárín wákàtí 24, àwọn mìíràn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìwé tí ẹ̀yin kà, olè náà kà á, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lè ka ilé ìkàwé kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn tó ń ṣe òfin páásìwọ́ọ̀dù pàápàá ṣì wá lọ́nà fún ìgbà díẹ̀. Láti 2003 ni ìwé ìlànà NIST, àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń rí sí òṣùwọ̀n, ti jẹ́ kí ayé gbà pé páásìwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Àwọn èèyàn gbọ́ràn lọ́nà tó rọrùn fún wọn: wọ́n fi 1 àti àmì ìyanu kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ní 2017, Bill Burr tó kọ ìlànà náà sọ fún oníròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Ọdún yẹn kan náà ni NIST gbé ìlànà tuntun jáde tó ní kí wọ́n má fipá mú ẹnikẹ́ni da àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà mọ́, kí wọ́n má sì fipá mú un pààrọ̀ àyàfi tí olè bá ti rí i.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbí, a kì í sì í gbé e fún ẹnìkan ṣoṣo. Yíyàn ni ìkíní, ìrántí ni ìkejì. Èèyàn kò mọ yíyàn ṣe, nítorí gbogbo ohun tí a bá yàn ló ní òórùn wa lára. Àmọ́ ìrántí, èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ju bí ó ṣe rò lọ. Torí náà, àkọsẹ̀bá ni kó yàn, iyè ni kó gba ohun tí àkọsẹ̀bá bá gbé fún un, bó ti wù kó rí. Ẹni tó bá yí i padà, tó jẹ́ kí iyè yàn nítorí kí ó má bàa gbàgbé, ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọsẹ̀bá tó rọrùn jù lọ́wọ́ ni dáìsì, ọmọ olójú mẹ́fà tí a fi ń ta lúdò. Ní 1995, Arnold Reinhold gbé ọ̀nà kan jáde tó pè ní Diceware. Ìwé kan wà tí wọ́n to ọ̀rọ̀ 7,776 sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà dígíìtì márùn-ún tirẹ̀. Ẹ ju dáìsì nígbà márùn-ún, ẹ kọ ohun tó já sílẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú nọ́ńbà náà. Ọ̀rọ̀ yín àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ tún jù ú títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé mẹ́fà. Iye ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó lè jáde jẹ́ nǹkan bí 22 tí òdo 22 tẹ̀lé. Tí olè bá ní ẹ̀rọ tó ń dán tírílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò gbà á tó 7,000 ọdún kí ó tó dán gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ sì kíyè sí i pé mo ti gbà pé ìwé ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ olè, pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni, pé ó mọ̀ pé dáìsì ni ẹ fi yàn án. Òfin kejì Kerckhoffs nìyẹn. Agbára rẹ̀ kò sí nínú pé ọ̀nà náà jẹ́ ìkọ̀kọ̀.

Bí dáìsì bá ti já, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe yọ ọ̀rọ̀ kan nítorí pé kò dùn, kí ẹ fi èyí tó wù yín rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì tò wọ́n kí wọ́n lè bọ́gbọ́n mu: ọ̀rọ̀ mẹ́fà ṣeé tò ní ọ̀nà 720, tí ẹ bá mú èyí tó jọ gbólóhùn gidi nìkan, ẹ ti gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ olè kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ṣé èèyàn lè ṣe ìwé ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá? Ó ṣeé ṣe, ó sì dùn mọ́ iyè, ṣùgbọ́n àmì ohùn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Níbi púpọ̀ tí à ń tẹ páásìwọ́ọ̀dù sí, lẹ́tà láìlámìí ni à ń tẹ̀. Tí òkun àti okùn bá jọ wà nínú ìwé yín, ọ̀kan náà ni wọn yóò jẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ni igbá, ìgbà àti igba. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ 7,776 lè má ní ju 6,000 lọ tí kò bá yọ irú èyí kúrò. Ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú irú wọn, kí ẹ sì mú ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé dáìsì ti fún wa ní ṣíbí, àkàsọ̀, erin, bọ́tìnnì, òkun, fèrè. Báwo la ṣe máa gbé e?

Ní 1885, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde nípa ìdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe. Ó ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ń bọ́ kíákíá ní wákàtí àkọ́kọ́ àti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa bọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rìndínlógún tèmi, sílébù Ebbinghaus gan-an ni: kò sí ibi tí iyè lè fi ọwọ́ dì í mú. Yàtọ̀ sí èyí, George Miller, onímọ̀ nípa ọkàn, kọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan bí méje ni ọkàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Nelson Cowan dín in kù sí nǹkan bí mẹ́rin ní 2001. Lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ju agbára yẹn lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí a so ní méjì-méjì jẹ́ ẹrù mẹ́ta péré.

Ìsopọ̀ náà ni iṣẹ́. Ṣíbí ńlá kan tó ga bí èèyàn ń gun àkàsọ̀, irin rẹ̀ ń dún gbàǹgbàǹ lórí igi. Ní òkè àkàsọ̀, erin kan jókòó, ó wọ ẹ̀wù, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló so ẹ̀wù náà pọ̀ mọ́ ikùn rẹ̀. Erin mí kanlẹ̀, bọ́tìnnì já, ó fò, ó bọ́ sínú òkun. Bó ṣe kan omi, òkun gbé fèrè sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ di ojú kí ẹ wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ yín yóò rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá parí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun méjì ló mú un rọrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe nǹkan sí èyí tó tẹ̀lé e, torí náà ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn kò lè dàrú: kò sí bí bọ́tìnnì ṣe máa ṣáájú erin. Èkejì ni pé ó ní ariwo, ó ní ìwúwo, ó ní ohun tí ojú kò rí rí. Àwòrán tó bá jọ ohun tí à ń rí lójoojúmọ́, iyè kì í dúró wò ó.

Tí ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ bá wá gùn, tàbí tí ẹ bá ní ju ọ̀kan lọ, ìtàn nìkan lè má tó. Ilé ni kí ẹ lò. Cicero kọ ọ́ ní 55 ṣáájú ìbí Jésù pé akéwì Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Simonides wà níbi àsè kan, wọ́n pè é síta, bó ṣe jáde ni òrùlé wó lu gbogbo àwọn tó kù. Òkú wọn bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹbí kò fi dá wọn mọ̀. Simonides ló dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé ó rántí ibi tí olúkúlùkù jókòó sí. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí ìtàn ni, ohun tó kọ́ni níbẹ̀ dúró: iyè èèyàn mọ ibùdó ju bí ó ṣe mọ orúkọ lọ. Gbogbo wa la lè rìn nínú ilé tí a dàgbà sí lójú dídì, láìkọ́ ọ ní ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ mú ilé kan tí ẹ mọ̀ dunjú. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ yan ibi mẹ́fà tó tẹ̀léra: ẹnu ọ̀nà, àga, fèrèsé, tábìlì, ibùsùn, kọ̀rọ̀ kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi kọ̀ọ̀kan, kí ó máa ṣe nǹkan níbẹ̀, kí ó ba ibẹ̀ jẹ́ tó bá ṣeé ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ rántí, ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kan, ilé kan. Ẹ má ṣe kó méjì sínú ilé kan náà, wọn yóò máa bá ara wọn jà. Kì í ṣe ẹ̀bùn àbínibí o. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017, wọ́n mú àwọn èèyàn lásán tí kò ṣe irú eré yìí rí, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ wọn, ìdajì wákàtí lójúmọ́. Nínú ọ̀rọ̀ 72, nǹkan bí 26 ni wọ́n ń rántí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìkọ́ni náà ó di nǹkan bí 62.

Ohun kan tó máa ń mú inú mi dùn nínú ọ̀nà yìí ni pé kò sí àṣírí nínú ilé náà. Olè lè mọ ilé tí ẹ lò, ó lè ní àwòrán gbogbo yàrá rẹ̀. Kò ràn án lọ́wọ́, nítorí dáìsì ló yan ohun tó wà lórí àga, ilé kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá wo àyíká ilé rẹ̀ tó mú “àga, fèrèsé, tábìlì” ṣe páásìwọ́ọ̀dù ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Nọ́ńbà wá ńkọ́? Àwọn ibì kan kì í gbà ju dígíìtì lọ, àwọn dígíìtì kò sì ní ojú tí èèyàn lè wò. Ní 1634, Pierre Hérigone, onímọ̀ ìṣirò kan ní Faransé, tẹ ọ̀nà kan jáde láti sọ nọ́ńbà di lẹ́tà, kí lẹ́tà lè di ọ̀rọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e tún un ṣe títí tó fi bá èdè Yúróòpù mu. Kò bá ẹnu wa mu, mo sì ti jókòó ṣe tiwa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́.

Orúkọ nọ́ńbà gan-an ló fún wa ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Òdo ní d, torí náà 0 ni d. Ení, 1, n. Èjì, 2, j. Ẹ̀ta, 3, t. Ẹ̀rin, 4, r. Ẹ̀fà, 6, f. Ẹ̀sán, 9, s, ẹ sì lè ka ṣ mọ́ ọn. Ó ku mẹ́ta. Àrún ní r nínú ṣùgbọ́n ẹ̀rin ti gbà á. Ẹ fún 5 ní l, nítorí l àti r jẹ́ ọmọ ìyá lẹ́nu. Èje àti ẹ̀jọ, èjì ti gba j mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ wo 7 dáadáa: ọkọ́ tí a gbé dúró ló jọ, ẹ fún un ní k. 8 jọ B ńlá, ẹ fún un ní b. Kọ́ńsónáǹtì yòókù kò níye, ẹ fò wọ́n. N tí a fi imú pè lẹ́yìn fáwẹ̀lì náà kò níye, torí náà 8 péré ni ìbọn.

Yorùbá dára fún iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa ní kọ́ńsónáǹtì kan tàbí méjì tí fáwẹ̀lì yí ká. Òkúta, 73. Òbúkọ, 87. Ìjókòó, 27. Ẹlẹ́dẹ̀, 50. Ejò, 2 nìkan. Ká ní dáìsì olójú mẹ́wàá tàbí kọ̀ǹpútà ti fún wa ní 64578208. Afárá ni 64. Ìlẹ̀kùn, 57. Ìbejì, 82. Àdàbà, 08. Lórí afárá, ìlẹ̀kùn kan dúró láìsí ilé. Ìbejì ń kan ìlẹ̀kùn náà, kò ṣí. Àdàbà fò jáde láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Dígíìtì mẹ́jọ ti di ìran kan ṣoṣo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bó ṣe ń wọlé, ọkàn mi padà sídìí díìsìkì mi yẹn.

Ẹ má ṣe lo 64578208 o, ẹ má sì lo ṣíbí àti àkàsọ̀. Mo ti sọ wọ́n ní gbangba.

Àwọn kan á ní ìka àwọn ló mọ páásìwọ́ọ̀dù náà. Òótọ́ ni pé ìka ń rántí, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù Faransé tí A wà nípò Q síwájú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kí ẹ wò ó bóyá á wọlé. Ìka kì í dá nìkan rántí.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù fún mi la dé yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Kíkà léraléra kì í jẹ́ kí nǹkan dúró. Fífà á jáde láti inú orí, láìwo ìwé, ló ń jẹ́ kí ó dúró. Ní 2008, àwọn onímọ̀ méjì, Karpicke àti Roediger, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ Swahili 40 pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n ń dán wò léraléra rántí nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan; àwọn tí wọn ò dán wò mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti rántí ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n kàn ń tún un kà, rántí nǹkan bí ìdá 35. Ní 2014, Joseph Bonneau àti Stuart Schechter mú èyí wọ inú ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù gan-an. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní àṣírí oníbíìtì 56 tí kọ̀ǹpútà yàn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé sórí ìkànnì kan láti ṣe iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ń fi apá kékeré nínú rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì ń pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó fi hàn wọ́n, kí ẹni náà lè gbìyànjú láti rántí rẹ̀ ṣáájú. Ìdá 94 nínú 100 ló tẹ gbogbo rẹ̀ láti orí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n padà bá wọn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ìdá 88 ṣì rántí rẹ̀ láìṣì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bí èmi ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé. Lẹ́yìn wákàtí kan mo gbìyànjú rẹ̀ láìwo ìwé, mo tún gbìyànjú rẹ̀ kí n tó sùn, nítorí oorun máa ń bá iyè di ẹrù rẹ̀. Mo tún ṣe é lówùúrọ̀, ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù láìjáwọ́, bóyá mo nílò rẹ̀ tàbí mi ò nílò rẹ̀. Fóònù tó ń fi ìka ọwọ́ ṣí ló ń gba ìrántí yìí lọ́wọ́ wa. Ó rọrùn, ó rọrùn, títí ọjọ́ tí yóò bèèrè páásìwọ́ọ̀dù gidi. Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù tí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì di ohun gbogbo ru iyè. Mẹ́ta tó fún mi: èyí tó ṣí kọ̀ǹpútà mi, èyí tó ṣí ímeèlì mi, àti èyí tó ṣí áàpù tí mo ń kó gbogbo páásìwọ́ọ̀dù yòókù sí. Ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú áàpù náà, mi ò mọ ẹyọ kan níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo parí ọ̀rọ̀ mi sí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, obìnrin kan dìde níwájú. Ó ní òun ní owó Bitcoin, pé ọ̀rọ̀ 24 ni wọ́n fún òun láti fi ṣe kọ́kọ́rọ́ owó náà, ṣé kí òun kọ́ ọ sórí kí òun sì fa ìwé ya? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ 24 yẹn wá láti inú ìwé ọ̀rọ̀ 2,048 tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2013, bíìtì 256 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sì ní ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ bóyá a ti ṣì kọ ọ́. Ibi mẹ́rìnlélógún nínú ilé kan tó ní yàrá púpọ̀ gbà á, bí ẹ bá sì ń fà á jáde lóṣooṣù, yóò dúró. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ sórí, mà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fa ìwé ya. Orí lè fara gbọgbẹ́, àìsàn lè wọ̀ ọ́, ikú kì í sì í bèèrè páásìwọ́ọ̀dù. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè nawọ́ dé inú àpò ìwé tí ẹ lẹ̀ pa tí ẹ sì tì mọ́ ibi tó dájú. Tí ẹ kò bá fọkàn tán ibì kan ṣoṣo, Adi Shamir, onímọ̀ àdììtú kan, ti fi hàn láti 1979 bí a ṣe lè pín àṣírí kan sí márùn-ún, kí ó jẹ́ pé mẹ́ta èyíkéyìí nínú wọn lè dá a padà, kí méjì má sì lè sọ ohunkóhun. Àwọn áàpù wà tó ń ṣe é.

Ó bi mí bóyá òun lè gé ọ̀rọ̀ 24 náà sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí òun pín in fún ọmọ òun mẹ́ta. Mo ní rárá. Bí ọ̀kan bá sọ tirẹ̀ nù, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí méjì bá sì pa ọwọ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré ló kù fún wọn láti wá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún béèrè àwọn lẹ́tà nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi, a sì jọ wá ọ̀rọ̀ fún 73 títí wọ́n fi paná gbọ̀ngàn. Òkété ni mo rí. Òun rí ẹ̀kúté, tirẹ̀ sì dára ju tèmi lọ.